Abẹ́rẹ́ Mẹ́jọ fún Alága

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Ìdajì ìwé ìṣirò mi ni mo ya láti fi ṣe ìwé yìí. Kò sí ohun tí mo ń fi ìdajì yẹn ṣe tẹ́lẹ̀.

Wọ́n tú okùn ojú ọgbẹ́ Alága, ajá wa, lónìí. Okùn mọ́kànlélógún, mo kà á. Kókó tí wọ́n gé kúrò ní itan rẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn kò ju ẹyin àdàbà lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gé e, èèyàn á rò pé ilé ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Dókítà ẹranko gbé gíláàsì sójú, ó ka ìwé tó ti ilé àyẹ̀wò dé, ó ní jẹjẹrẹ awọ ara ni. Ó ní òun ti gé e, àmọ́ etí ibi tí òun gé kò mọ́ tó. Àwọn kéékèèké tí ojú kò rí lè ti sá wọnú ara. Abẹ́rẹ́ mẹ́jọ ni yóò lé wọn, pẹ̀lú hóró oògùn kan láràárọ̀ fún bí oṣù mẹ́ta.

"Tí a ò bá ṣe é ńkọ́?" Màmá béèrè.

"Ó lè padà wá kí ọdún tó parí. Tó bá padà, ó lè má ṣeé gé mọ́."

Màmá wo Alága. Alága wo Màmá. Garawa tí wọ́n gé ìdí rẹ̀ ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ kó má baà lá ojú ọgbẹ́, ó dà bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé láti bi wá pé kí la gbé wá. "Ajá ọdún mẹ́sàn-án," ni Màmá wí, bí ìgbà tó bá ń ka aṣọ oníbàárà.

Ni mo bá lanu. Ẹnu mi yìí, ọjọ́ kan ni yóò tà mí. Mo ní èmi ni màá ṣe gbogbo rẹ̀. Màá fún un ní oògùn, màá mú un lọ, màá mú un bọ̀, màá nu ohun tó bá yẹ ní nínù, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ pé ajá kan ń ṣàìsàn nínú ilé. Dókítà gbé ìwé sílẹ̀ pé kí n bá Màmá tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Nígbà tí a délé, Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, rẹ́rìn-ín títí eyín mẹ́ta tó kù lẹ́nu rẹ̀ fi gbọ̀n. "Ìwọ? Ìwọ tó ní o máa hun swẹ́tà fún mi lọ́dún tó kọjá, tó jẹ́ apá kan ṣoṣo ló ní dòní? Ìwọ tó kọ́ dùùrù fún ọjọ́ mẹ́ta? Ọwọ́ wo lo fi tọwọ́ bọ̀wé náà?"

"Òsì ni, Ìyá àgbà. Ọwọ́ tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn."

"Ó ti bàjẹ́ nìyẹn," ló wí, ó sì padà sídìí ìbọ̀sẹ̀ tó ń ká.

Bàbá mi wà lójú títì pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀. Ó ní lórí fóònù pé ohun tí ìyá òun bá sọ ni ká ṣe. Ohun tí gbogbo ọkùnrin tó bá wà lọ́nà jíjìn máa ń sọ nìyẹn.

Màmá fi òfin tiẹ̀ lélẹ̀. Ilé ìfọṣọ ni ilé wa, aṣọ oníbàárà ló ń bọ́ wa. Ọjọ́ tí àìsàn ajá bá ba aṣọ oníbàárà kan ṣoṣo jẹ́, Alága á kó lọ sí ilé ìlagi àbúrò òun lẹ́yìn ìlú. Ajá mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Kò sí èyí tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní abẹ́rẹ́ nínú wọn, ẹni tó sì bá ṣàìsàn níbẹ̀, kó yáa tètè gbàdúrà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Abẹ́rẹ́ kìíní. Alága kò sunkún. Èmi ni mo sunkún díẹ̀, ṣùgbọ́n òógùn ni.

Mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, mẹ́rin tó kù ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Dókítà ka òfin fún mi bí ìgbà tí wọ́n ń ka ẹ̀sùn fún ọ̀daràn. Kí n máa wọ ìbọ̀wọ́. Kí n má fọ́ hóró oògùn sí wẹ́wẹ́. Fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìtọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ẹnikẹ́ni lára. Kí n má fo oògùn ọjọ́ kankan, kí n má sì dá a dúró lójijì.

"Hóró oògùn yẹn máa mú ebi pa á," ló ní. "Ó máa mu omi, ó máa tọ̀. Kó má yà ọ́ lẹ́nu."

"Dókítà, Alága kì í ṣe ajá lásán."

Ó wò mí láti òkè gíláàsì rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Hóró oògùn kìíní ti wọlé! Mo fi ọ̀tún la ẹnu rẹ̀, mo fi òsì ju oògùn sẹ́yìn ahọ́n, mo pa ẹnu rẹ̀ dé, mo fọwọ́ pa á lọ́fun bí dókítà ṣe kọ́ mi. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Tí wọ́n bá ń fún èèyàn ní ife-ẹ̀yẹ fún irú eléyìí, tèmi á ti kún pẹpẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó rò pé torí pé òun ń lọ aṣọ, òun ni ó ni iná, ní kí n má tíì máa yọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ọjọ́ karùn-ún. Ebi kankan kò pa Alága ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò mu omi jù, kò tọ̀ jù. Orí àga oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà ló jókòó sí látàárọ̀, níbi tó ti gba orúkọ rẹ̀, ó ń wo àwọn tó ń wọlé bí ẹni pé òun ló fẹ́ buwọ́ lu ìwé fún wọn.

Mo sọ fún gbogbo àdúgbò pé ara ajá wa le ju oògùn lọ. Mo ní oògùn dé inú rẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tọrọ gáfárà.

Òjò ò jẹ́ kí aṣọ gbẹ. Màmá ń bínú sí òfuurufú.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Abẹ́rẹ́ kejì. Dókítà bi mí lẹ́ẹ̀mẹta. "Kò mu omi jù?" Rárá o. "Kò tọ̀ sílé?" Rárá o. "Ó ń jẹun bó ṣe ń jẹun tẹ́lẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni o, ajá wa gidi ni. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Mo rò pé ìyìn ló kọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo ti kú, ẹ̀mí mi ló ń kọ èyí.

Lẹ́yìn kíláàsì ni Tíṣà Ìṣirò pè mí. Oníbàárà wa ni, ṣẹ́ẹ̀tì funfun márùn-ún lọ́sẹ̀, sítáàṣì líle. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí mi. Hóró oògùn funfun kan ló wà níbẹ̀.

"Àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì mi ni mo ti rí i," ló wí. "Kí ni èyí?"

Ẹnu mi gbéra kí ọpọlọ mi tó jí. "Oògùn kòkòrò ni, sà. Èyí tó ń jẹ aṣọ. Ẹ̀bùn ni, fún àwọn oníbàárà pàtàkì."

Ó wo hóró náà, ó rántí pé pàtàkì ni òun, inú rẹ̀ dùn. Ó fi í padà sápò. "Ẹ ṣeun o. Ẹ máa fi kún un." Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ọkùnrin yìí lè rẹ́rìn-ín.

Mo sáré délé bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Alága ni pẹpẹ ìsàlẹ̀ wà, níbi tí a ń to aṣọ tó ti parí sí. Mo tú u wò. Hóró kan lórí sòkòtò. Hóró kan nínú ìṣẹ́po síkẹ́ẹ̀tì. Méjì nínú kọ́là. Mẹ́jọ ni mo rí, pẹ̀lú ti Tíṣà ó di mẹ́sàn-án. Mọ́kànlá ni mo ti fún un. Méjì ti bá aṣọ àwọn èèyàn lọ, wọ́n ń dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ kòkòrò níbi tí èmi ò mọ̀.

Kò gbé ẹyọ kan mì. Ẹyọ kan! Ara tí mo ní ó le yẹn, oògùn ni kò wọ̀ ọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo jẹ́wọ́ fún Ìyá àgbà, torí ó sàn kí èèyàn jẹ́wọ́ fún ẹni tó máa fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ ju ẹni tó máa fóònù ilé ìlagi lọ. Ó ní kí n ṣe é bí mo ṣe ń ṣe é kóun wò ó. Mo la ẹnu Alága, mo fi oògùn sí i, mo pa á dé, mo fi í sílẹ̀. Alága dúró jẹ́ẹ́. Ó rìn dé ìdí pẹpẹ. Ó gbé oògùn náà sílẹ̀ lórí aṣọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń gbé ẹyin, ó wá padà jókòó, ó ń wò mí.

Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ kún fún ìgbéraga bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ gba ipò kìíní.

"Òsì lo fi fún un."

"Kí ni òsì fẹ́ ṣe nínú ọ̀rọ̀ oògùn, Ìyá àgbà? Ajá mà ni!"

"Ajá tí mo tọ́ ni. Láti kékeré ni mo ti kọ́ ọ. Ẹni tó bá fi òsì fún un ní nǹkan, kó gbé e kalẹ̀, kó dúró, títí onítọ̀hún á fi ronú pìwà dà, á sì fi ọ̀tún fún un. Bí mo ṣe kọ́ ìwọ náà nìyẹn. Òun ló gbọ́."

Ìgbà náà ni mo rántí pé inú abọ́ ni mo máa ń bu oúnjẹ sí fún un. N kò fi ọwọ́ fún un ní nǹkan rí láyé mi. Ó ti tó ọjọ́ méjìlá tí Alága ti ń dúró kí n ronú pìwà dà.

Mo wọ ìbọ̀wọ́ sí ọ̀tún. Ọ̀tún mi yìí, kò mọ nǹkan kan, bí ọmọ ọ̀lẹ ni. Oògùn bọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kẹta, mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà." Gbàmù! Ó gbé e mì, ó lá ẹnu.

Mo pe dókítà. Ó kọ́kọ́ ní kí n tún un sọ. Ó wá ní, "Má sọ ọ́ di méjì láti fi dí èyí tó sọnù. Bẹ̀rẹ̀ látòní. Ìwọ ọmọ yìí, nígbà tí mo bi ọ́ léèrè, òótọ́ ni mo fẹ́, kì í ṣe oríkì."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Kò gba abẹ́rẹ́ lónìí. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, àwọn ọmọ ogun funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àìsàn jà ti dín kù jù. Mo bi dókítà bóyá èmi ni mo fà á. Ó ní rárá, abẹ́rẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Ká padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo rìn wálé láìsọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kàn mí níwájú orí, ó ní bóyá ibà ló ń ṣe mí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ebi ti dé. Ẹ gbà mí!

Ohun tí Alága jẹ láàárín àná sí òní: oúnjẹ tiẹ̀, oúnjẹ ẹ̀gbọ́n mi, ìdajì ọṣẹ ìfọṣọ, hángà onípákó kan, sítáàṣì abọ́ kan (ìgbẹ́ rẹ̀ lè dúró fúnra rẹ̀ báyìí), àti ojú ewé kejì ìwé yìí, níbi tí mo ti kọ ìyìn rẹ̀ sí (mo ti tún un kọ). Nígbà tí mo sọ pé kò sí ohun tó kù fún un, ó wo Ìyá àgbà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí alápatà ṣe ń wo ẹran.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Abẹ́rẹ́ kẹta. Ẹ̀jẹ̀ dára.

Omi náà ti dé. Ó ń mu garawa kan láàárọ̀, mo sì gbà pé ó ń tọ̀ garawa méjì. Ibi tí ìkejì ti ń wá, kí àwọn onímọ̀ wádìí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ni mo mú un jáde lónìí, nínú òjò, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti bùútù Bàbá. Obìnrin tó ń tún bàtà ṣe ní ìkángun títì ní, "Ṣé ẹ̀ ń wọn ilẹ̀ ni?"

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù keje

Alága kò jẹun.

Àárọ̀, kò jẹ. Mo fi ọ̀tún fún un, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ajá tó jẹ hángà! Etí rẹ̀ gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Dókítà ní kí a gbé e wá kíákíá, kí a má dúró.

Òjò ń rọ̀ bí ẹni tó ń da omi nù. Mo ń wá okùn, mo ń wá bàtà, mi ò rí nǹkan kan. Ni Màmá bá ti kẹ̀kẹ́ tí a fi ń kó aṣọ jáde. Ó kó gbogbo aṣọ inú rẹ̀ sílẹ̀, ti hòtẹ́ẹ̀lì, ti ta ni ta ni. Ó gbé Alága sí i. Ó sì fa tapólì tí a fi ń bo aṣọ oníbàárà, ó fi bò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló ti kẹ̀kẹ́ náà dé ilé ìwòsàn. Òjò pa á títí gèlè rẹ̀ fi sọ̀ kalẹ̀ sójú rẹ̀, kò dúró tún un wé.

Wọ́n dá Alága dúró síbẹ̀. Wọ́n so omi mọ́ ọn. Lójú ọ̀nà ìpadàbọ̀, Màmá ní, "Má rò pé mo ti yí òfin mi padà o."

Mo ní, "Mi ò rò ó, mà."

N kò ní àwàdà kankan lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Ó jẹun! Dókítà ní ibà ti lọ. Ó ní bí a bá ti pẹ́ di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ì bá jẹ́. Alága jáde wá bí ẹni tó ti àjò dé, ó kí gbogbo èèyàn, ó sì jẹ okùn tí mo fi dè é.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Abẹ́rẹ́ kẹrin. Ààbọ̀ rèé. Wọ́n dín oògùn inú abẹ́rẹ́ náà kù díẹ̀. Tíṣà Ìṣirò tún béèrè oògùn kòkòrò. Mo ní ó ti tán lọ́jà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Màá gbìyànjú láti kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i. Kò nílò iyọ̀.

Kóòtù àti sòkòtò funfun ọkọ ìyàwó kan wà lórí pẹpẹ ìsàlẹ̀. Ọ̀túnla ni yóò wọ̀ ọ́. Mo ti mú Alága jáde lẹ́ẹ̀mẹjọ. Mo lọ mu omi. Ìṣẹ́jú kan! Nígbà tí mo padà, àwòrán ayé ti wà lára sòkòtò funfun yẹn, aláwọ̀ ìyeyè, òkun àti ilẹ̀ rẹ̀ pé. Alága wà lórí àga rẹ̀, ó ń wo àjà bí ẹni tó ń ka pákó rẹ̀.

Màmá wọlé. Ó wo sòkòtò.

"Ta ló ṣe èyí?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Màmá mú fóònù, mo rí orúkọ àbúrò rẹ̀ lójú fóònù náà.

"Èmi ni."

Láti igun tí wọ́n ti ń ká ìbọ̀sẹ̀ ni ohùn náà ti wá.

Màmá yíjú. "Ẹ ní kí ni, Màmá?"

"Mo ní èmi ni," Ìyá àgbà wí, kò gbójú sókè kúrò lára ìbọ̀sẹ̀. "Mo fẹ́ ká sòkòtò náà. Mo bẹ̀rẹ̀. Ó bọ́ mọ́ mi lára. Àgbà ti dé, ìyàwó mi. Ṣé ẹ máa bá mi wí ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi ti orí bọ inú ooru áyọ́ọ̀nù kí ẹnikẹ́ni má baà rí ojú rẹ̀. Omi ṣì ń kán tó, tó, tó láti orí àga Alága. Gbogbo wa ń gbọ́ ọ. Màmá wo àga náà. Ó wo Ìyá àgbà, ẹni tó kọ́ gbogbo wa pé irọ́ burú ju olè lọ. Ta ló máa pe ìyá ọkọ rẹ̀ ní òpùrọ́? Ta ló máa sọ pé, "Ẹ dìde, Màmá, kí n yẹ̀ yín wò"?

Màmá gbé fóònù sílẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá," ló wí. "Kò sí ohun tó ṣe."

Èmi ni mo fọ sòkòtò náà, lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Ó funfun ju ti ọjọ́ tí wọ́n rà á lọ. Nígbà tó ku èmi àti Ìyá àgbà, mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn bí ọkùnrin, torí ìkúnlẹ̀ kò tó.

"Dìde," wọ́n ní. "Tó o bá sọ fún ẹnikẹ́ni ní títì yìí, màá fi ìwọ náà fún onílé ìlagi."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Ẹ̀san kì í pẹ́ nílé yìí. Láàárọ̀ yìí Màmá kúnlẹ̀ níwájú Ìyá àgbà, orúnkún méjèèjì, ó fi ọwọ́ méjì gbé páálí kan kalẹ̀. Pámpà àgbàlagbà. Ọgbọ̀n ló wà nínú rẹ̀.

"Mo ti rò ó, Màmá. Kò yẹ kí ojú máa tì yín nínú ilé ọmọ yín."

Ojú Màmá kò yí padà rárá. Mi ò mọ̀ pé obìnrin yìí burú tó báyìí. Gbogbo ọdún tí mo ti ń rò pé ọ̀dọ̀ Bàbá ni mo ti mú ìwà mi!

Ìyá àgbà gba páálí náà, ojú wọn bí ti ẹni tó gbé kókó èso mì. "O ṣeun, ìyàwó mi. Ọmọ tìrẹ náà á tọ́jú rẹ."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Ìyá àgbà pè mí wọ yàrá. Wọ́n ní kí n mú sáàsì lọ́wọ́. Wọ́n na pámpà kan sílẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n ní, "Gé ihò síbẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ ni ìrù máa gbà."

Alága jáde wá sí ṣọ́ọ̀bù ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ nínú pámpà funfun, ó gun àga rẹ̀, ó jókòó. Àwọn oníbàárà mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Màmá wo Alága. Ó wo Ìyá àgbà.

"Ó mà bá a lára mu o," Màmá wí.

"Èmi ò lè lò ó tán," ni Ìyá àgbà fèsì. "Kò dáa kí oúnjẹ kún ilé kí aládùúgbò sùn lébi."

Láti ìgbà yẹn, kò sí ẹ̀kán omi kan lórí aṣọ ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Abẹ́rẹ́ karùn-ún. Dókítà rí pámpà náà, ó bọ́ gíláàsì, ó yíjú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún bí ìṣẹ́jú kan. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í dín hóró oògùn kù: ìdajì láàárọ̀, kó tó wá di ìdajì ní ọjọ́ méjì-méjì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ

Abẹ́rẹ́ kẹfà. Òjò ti dá. Aṣọ gbẹ ní wákàtí kan, Màmá kọrin.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ìkeje. Irun ti ń hù padà lórí ojú ọgbẹ́, ṣùgbọ́n funfun ló hù, bí ẹni pé wọ́n da sítáàṣì sí i. Páálí pámpà kejì. Màmá ló lọ rà á fúnra rẹ̀. Ó ní ti Ìyá àgbà ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án

Mo fi ọwọ́ ọ̀tún mi kan ìsàlẹ̀ áyọ́ọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti kìlọ̀. Wọ́n fi báńdéèjì dì í bí ẹ̀kọ tí wọ́n wé, kò sí ìka tó yọjú.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Abẹ́rẹ́ kẹjọ! Dókítà fọwọ́ tẹ itan Alága, abẹ́ ọrùn rẹ̀, ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tẹ ibi gbogbo bí ẹni tó ń ra píá. Kò rí kókó kankan. "Mi ò lè bá ọ dá májẹ̀mú," ló wí. "Ẹ máa mú un wá loṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bó ṣe wà lónìí, ó dára." Lẹ́yìn náà ló ní, "O gbìyànjú." Mo wò ó bóyá àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà.

Ó ku ìdajì hóró kan ṣoṣo, ti ọ̀túnla.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Gbogbo ilé ló pé sí ṣọ́ọ̀bù bí ẹni pé mo fẹ́ gba oyè. Bàbá wà lórí fóònù. Mo mú ìdajì hóró náà. Ọ̀tún mi wà nínú báńdéèjì. Òsì ló kù.

"Jẹ́ kí n bá ọ fún un," ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Jìnnà síbẹ̀. Èmi ni mo tọwọ́ bọ̀wé."

Mo wọ ìbọ̀wọ́ sí òsì, eyín ni mo fi fà á. N kò rí ọwọ́ la ẹnu rẹ̀, mo kàn na oògùn náà sí Alága. Alága wo ọwọ́ náà. Ó wo ojú mi. Lẹ́yìn náà ló yí orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wo Ìyá àgbà.

Bàbá ń sọ "Hẹ́lóò? Hẹ́lóò?" lórí fóònù.

Ìyá àgbà wo Alága fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wo òsì mi. Ni wọ́n bá yí àga wọn, wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n ní, "Ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà yẹn ń gún mi lójú. Mi ò rí nǹkan kan láti ibi tí mo wà yìí."

Gbàmù.

Ariwo tí a pa, obìnrin tó ń tún bàtà ṣe sáré wá wò ó bóyá ilé ló ń jó.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Ìyá àgbà wọ yàrá. Wọ́n jáde pẹ̀lú ọ̀rá kan, wọ́n jù ú sí mi lẹ́sẹ̀. Òwú, abẹ́rẹ́ ìhunṣọ méjì, àti apá swẹ́tà kan ṣoṣo. Wọ́n ti ń pa á mọ́ láti ọdún tó kọjá.

"Apá òsì nìyẹn," wọ́n ní. "Ó ku ọ̀tún."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo ti hun ìlà mẹ́ta. Ọwọ́ òsì. Alága jẹ ìkan nínú òwú náà, ṣùgbọ́n mo tún rí òmíràn.